Rírí, Rí àti Ìrírí: Ẹ̀kọ́ tí Ìbejì Igbó-Ọrà Kọ́ Wa nípa Èdè-Ìperí Ìríran

Ìfáárà

Bí Yorùbá bá sọ pé, "N kò rí i rí," ọ̀rọ̀ oní-sílébù kan ló fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn náà. Rí àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Iṣẹ́ ojú ni. Rí kejì jẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé; ó ń sọ bóyá ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn nígbà kan tàbí kò ṣẹlẹ̀. Onímọ̀ gírámà lè sọ pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí ìró wọn kàn bára mu. A kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí àríyànjiyàn lórí ìrírí. Láti ara rí, iṣẹ́ ojú, ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, òun náà ni a sì fi ń pe gbogbo ohun tí ó ti bá ènìyàn láyé, ìbáà jẹ́ èyí tí a fi ojú rí, ìbáà jẹ́ èyí tí a fi etí gbọ́ tàbí tí a fi ara gbà. Èdè wa ti so ohun tí a ń rí lónìí mọ́ ohun tí a ti rí lánàá.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn kan olùkọ́ àti ògbufọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Kí ni kí á máa pe ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìṣe ọkàn ẹ̀dá ń pè ní "perception" lédè Gẹ̀ẹ́sì? Bí a bá kàn pè é ní rírí tàbí ìríran, tí a kò sì fi ohunkóhun kún un, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ojú ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ ayàwòrán: ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ ni yóò gbà, bí ó ti wà gan-an ni yóò sì gbà á. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú gbà yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn rí, ohun tí ènìyàn sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì. A ó mú àpẹẹrẹ wa láti Ìbàràpá, nínú ìlú méje tí í ṣe Igbó-Ọrà, Erúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ.

Ohun tí ojú gbà

Bí a bá wo nǹkan, ìmọ́lẹ̀ láti ara nǹkan náà ń wọ inú ẹyinjú, ó sì ń bọ́ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ojú. Àwòrán tí ó hàn lórí awọ yìí dorí kodò, ó sì kéré. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Erúwà, tí ewúrẹ́ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí agbo màlúù sì ń jẹko lọ́ọ̀ọ́kán, àwòrán ewúrẹ́ lórí awọ ojú rẹ̀ yóò tóbi ju ti màlúù lọ dáadáa. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé òun rí màlúù tí kò tó ewúrẹ́. Màlúù ńlá tí ó wà lókèèrè ni yóò sọ pé òun rí. Ta ló wá bá ojú ṣe ìṣirò náà?

Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé ńlá tí ó parí ní ọdún 1867. Ó ní ọpọlọ ló ń fa ìtumọ̀ yọ láti inú ìwọ̀nba ohun tí ojú gbé wá, ó ń lo ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ló fìdí kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ìbejì Igbó-Ọrà: ojú onílé àti ojú àlejò

Igbó-Ọrà gbajúmọ̀ káàkiri ayé nítorí ìbejì. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá iṣẹ́ ìlera àwùjọ sílẹ̀ ní Ìbàràpá, tí ó fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Ìwádìí tí oníṣègùn P. P. S. Nylander ṣe ní àwọn ọdún 1960 sí 1979 fi hàn pé nínú ìbí 1,000 níbẹ̀, bí 45 ló jẹ́ ti ìbejì. Iye yìí ga ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Láti ọdún 2018 ni àjọ̀dún ìbejì sì ti ń kó èrò láti ọ̀nà jíjìn wá sí ìlú náà.

Àlejò tí ó bá wá síbẹ̀ lè tètè sọ pé àwọn ìbejì náà kò ṣeé mọ̀ yàtọ̀ síra wọn. Ó yẹ kí á dá ọ̀rọ̀ yìí dúró, kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Oríṣi ìbejì méjì ló wà. Ìbejì ẹyin-kan ni àwọn tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì nínú ìyá wọn. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń jọra bí igbá tí a là sí méjì. Ìbejì ẹyin-méjì ni àwọn tí ẹyin méjì gba àtọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjọra wọn kò ju ti ọmọ ìyá kan náà tí a bí ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Káàkiri ayé, iye ìbejì ẹyin-kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: bí 4 ni nínú ìbí 1,000. Ẹyin-méjì ló sọ Igbó-Ọrà di olókìkí. Ní ìṣirò, bí a bá kó oríṣi ìbejì mẹ́wàá jọ níbẹ̀, a lè retí pé bí mẹ́sàn-án nínú wọn yóò jẹ́ ẹyin-méjì, tí ó sì tó ìdajì nínú àwọn wọ̀nyí tí yóò jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan.

Nítorí náà, púpọ̀ nínú ìbejì tí àlejò ní kò ṣeé mọ̀ yàtọ̀ ló yàtọ̀ gidigidi. Aṣọ kan náà tí a wọ̀ fún wọn àti irun kan náà tí a dì fún wọn wà lára ohun tí ó fa èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àlejò ti gbọ́ ìròyìn ìbejì kí ó tó dé. Ìjọra ni ó ń wá, ìjọra náà ni ó sì rí. Onílé kò gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ọmọ méjì ló mọ̀, Táyéwò àti Kẹ́hìndé, ó sì ń rí ọmọ méjì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran." Òwe yìí kò sọ pé ojú àlejò fọ́. Ohun tí ó sọ ni pé ojú dídán nìkan kò tó.

Ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún ìbejì ẹyin-kan, tí ìjọra wọn jinlẹ̀. Ìyá wọn kì í ṣi wọ́n mú bí àlejò ti ń ṣì wọ́n mú. Bí a bá bi í léèrè ohun tí ó fi ń mọ̀ wọ́n, ó lè tọ́ka sí àpá kékeré kan tàbí bí ẹnu ọ̀kan ti rí nígbà tí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ẹni tí ó ń bọ̀ kí ó tó wá àmì náà. Ojú ojúlùmọ̀ ni à ń rí lódindi; kì í ṣe pé à ń ka imú, ẹnu àti etí lọ́kọ̀ọ̀kan. Robert Yin fi èyí hàn ní ọdún 1969: bí a bá dorí àwòrán ojú ènìyàn kodò, ó máa ń ṣòro láti dá a mọ̀, ìṣòro náà sì pọ̀ ju ti àwòrán ilé tàbí ti ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ní ọdún 1986, Rhea Diamond àti Susan Carey fi hàn pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ti ń ṣe ìdájọ́ ajá fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n bá ń wo àwòrán irú ajá tí wọ́n mọ̀ dunjú. Kò wá yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé Fúlàní darandaran mọ màlúù kọ̀ọ̀kan nínú agbo rẹ̀, nígbà tí àwọ̀ funfun àti ìwo nìkan hàn sí àgbẹ̀ tí agbo náà ń kọjá lẹ́bàá oko rẹ̀. Àgbẹ̀ náà ní tirẹ̀: ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn ń bọ̀ wá mú hàn sí i nígbà tí gbogbo ewé ṣì dọ́gba lójú ẹlòmíràn.

Ìwádìí kan tí Rob Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2011 fi ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn. Wọ́n kó àwòrán ogójì jọ, ogún fún obìnrin kan, ogún fún èkejì. Àwọn obìnrin méjèèjì gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì to àwòrán ẹnì kọ̀ọ̀kan sí òkìtì tirẹ̀. Ní agbedeméjì, wọ́n tò ó sí òkìtì bí 7 tàbí 8, bí ẹni pé ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ará Nẹ́dálándì tò ó sí òkìtì méjì gééré. Àlejò Igbó-Ọrà sọ ẹni méjì di ẹnì kan. Àwọn wọ̀nyí sọ ẹni méjì di ẹni méje. Àìmọ̀ kan náà ló bí àṣìṣe méjèèjì. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ ènìyàn mọ ohun tí ó lè yí padà lára onítọ̀hún, ó sì mọ ohun tí kì í yí.

Ìfojúsọ́nà

Ìrírí kì í ṣe kìkì ohun tí ó ń ran ojú lọ́wọ́. Ó tún máa ń pàṣẹ fún un. Ní ọdún 1949, Jerome Bruner àti Leo Postman fi káàdì ayò han àwọn ènìyàn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Nínú káàdì náà, wọ́n fi àwọn ayédèrú sí i: àmì tí ó yẹ kí ó dúdú, wọ́n kùn ún ní pupa, èyí tí ó yẹ kí ó pupa, wọ́n kùn ún ní dúdú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wò ó pe ayédèrú náà bí ẹni pé ojúlówó ni, láìṣiyèméjì. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé àwọ̀ tí ó wà láàárín dúdú àti pupa ni àwọn rí. Ohun tí wọ́n ń retí ti dá sí ohun tí wọ́n rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn oníṣègùn tí ó ń ka àwòrán inú ara. Trafton Drew, Melissa Võ àti Jeremy Wolfe gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2013. Wọ́n ní kí oníṣègùn 24 wá kókó kéékèèké nínú àwòrán ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì fi àwòrán ìnàkí sínú rẹ̀, èyí tí ó tóbi ní ìlọ́po 48 ju kókó lásán lọ. Ogún nínú wọn kò rí ìnàkí náà rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí ó ń ṣọ́ ìyíkiri ẹyinjú fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn wo ibi tí ó wà gan-an. Wọ́n wò ó, wọn kò rí i. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni wọ́n. Kókó ni ojú wọn ti kọ́ láti rí, kò kọ́ ìnàkí. Ó yẹ kí olùkọ́ rántí èyí, kí ó má baà rò pé ìmọ̀ púpọ̀ ń ṣí ojú sí ohun gbogbo.

Ojú ń kọ́ ìríran

Ní ọdún 1688, William Molyneux, ará Áyálándì, béèrè lọ́wọ́ John Locke bóyá ẹni tí a bí ní afọ́jú, tí ó ti fi ọwọ́ mọ òbìrípo àti ohun onígun mẹ́rin yàtọ̀ síra, yóò lè fi ojú nìkan mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí ojú rẹ̀ bá là. Ìdáhùn dúró fún ọ̀rúndún mẹ́ta. Ní ọdún 2011, Richard Held, Pawan Sinha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jábọ̀ nípa àwọn ọmọ márùn-ún ní Íńdíà tí iṣẹ́ abẹ ti la ojú wọn. Láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n là, ojú wọn lè mọ ohun kan yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ojú mú ohun tí ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lè ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ọjọ́ kìíní. Ìrírí ló kù.

Ibi tí ènìyàn gbé dàgbà náà ní ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1889, Franz Müller-Lyer ya ìlà méjì tí gígùn wọn dọ́gba. Ó fi ìyẹ́ tí ó ṣẹ́ sínú sí orí àti ìdí ọ̀kan, ó fi èyí tí ó là sí òde sí ti èkejì. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìlà kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí Marshall Segall, Donald Campbell àti Melville Herskovits gbé ìdánwò yìí yí Áfíríkà, Filipíìnì àti Amẹ́ríkà ká, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1966 fi hàn pé ó tan àwọn ará Evanston ní Amẹ́ríkà jẹ jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tan àwọn San ti gúúsù Áfíríkà jẹ. Àwọn olùwádìí náà ní ilé onígun tí ẹni gbé dàgbà ló fà á. Àwọn mìíràn kò gbà pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà wà nínú èsì.

Omi Ìdèrè

Èrè ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí iyàrá ìwádìí. Ìdèrè wà lára àwọn ìlú tí sòbìà ti dá lóró, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Inú omi adágún ni ìdin sòbìà ń gbà dé ara ènìyàn, nínú ẹ̀dá omi kan tí gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà kan sí méjì lọ. Bí a bá bu omi bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, tí a sì gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, ẹ̀dá náà ń hàn bí ẹ̀ḿkún funfun tí ó ń ta kánkán. Ẹni tí a kò kọ́ yóò sọ pé omi náà mọ́, tàbí pé eruku ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a ti kọ́ yóò rí ohun ẹlẹ́mìí, yóò sì wá aṣọ tí yóò fi sẹ́ omi náà. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló wọ ojú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ ògbufọ̀ níbí. Bí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìlera pé, "Ojú kò lè rí ohun tí ń gbé sòbìà wọ ara," ó parọ́, ó sì ti ní kí àwọn ará ìlú kàn gba ohun tí a sọ gbọ́. Bí ó bá kọ ọ́ pé, "Ojú ń rí i, ṣùgbọ́n a ní láti kọ́ bí a ti ń dá a mọ̀," òtítọ́ ló sọ, ó sì ti fi ohun èlò lé onílé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjì, rí àti dá mọ̀, ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà; ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní i, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé ó ti tán. Àrùn mìíràn ṣì wà tí a ní láti fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ kọ́ni nípa wọn.

Èdè-ìperí tí a dábàá

Láti ọdún 1970, nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ó ti hàn pé èdè wa lè ru ẹrù ìmọ̀ yìí. Ohun tí ó kù ni pé kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. A dábàá àwọn wọ̀nyí:

(i) Wíwò: kí ènìyàn darí ojú sí nǹkan. Yorùbá tún ń fi wò dán nǹkan wò: tọ́ ọ wò, gbé e wò, bi í wò. Táyéwò náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ́ ayé wò, gba orúkọ rẹ̀ láti inú èyí. Wíwò jẹ́ ìbéèrè. Kì í ṣe ìdáhùn.

(ii) Ìgbàmọ́lẹ̀: iṣẹ́ ojú fúnra rẹ̀, kí ọpọlọ tó fún un ní ìtumọ̀. Awọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ni a lè pè ní awọ agbàmọ́lẹ̀.

(iii) Ìfòyerí: fífi òye rí, ibi tí ohun tí ojú gbà àti ohun tí a ti mọ̀ ti pàdé. Òun ni a dábàá fún "perception." Ìríran kò bá a mu tó, nítorí pé aríran náà ń ríran, ohun tí ó sì ń rí kò sí níwájú ojú. Ìmòye ní tirẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ọgbọ́n.

(iv) Ìdámọ̀ àti ìmọ̀yàtọ̀: ìdámọ̀ ni kí á mọ̀ pé ohun tí a ń rí ni èyí tí a ti rí rí, ìmọ̀yàtọ̀ ni kí á mọ̀ pé ohun méjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó to àwòrán kùnà ìdámọ̀. Àlejò Igbó-Ọrà kùnà ìmọ̀yàtọ̀.

(v) Ohun ojúlùmọ̀ àti ohun àjèjì: ènìyàn ni a sábà ń pè ní ojúlùmọ̀, ṣùgbọ́n ojú àti mọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà gbà kí á fẹ̀ ẹ́ dé orí nǹkan gbogbo tí ojú ti mọ̀.

(vi) Ìfojúsọ́nà: ohun tí ọkàn ń retí kí ojú tó bá a pàdé. Ó ti wà lẹ́nu gbogbo wa. Ojú tí a fi sí ọ̀nà kí àlejò tó dé ni.

(vii) Ìtànjẹ ojú àti ìrújú: kí á má dà wọ́n pọ̀. Ìlà Müller-Lyer jẹ́ ìtànjẹ ojú, nítorí pé ohun kan pàtó ni a rí, kò sì tọ́. Ìrújú ni ti nǹkan tí ó lè jẹ́ èyí, tí ó sì lè jẹ́ ìyẹn, bí òjìji nínú òkùnkùn.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò wúlò fún olùkọ́ bàọ́lọ́jì kí wọ́n tó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá fi ojú sí awò asọ-ohun-kékeré-di-ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́, tí olùkọ́ sì bi í pé, "Ṣé o rí i?" yóò dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú omi ló ń wò, kí ó sì máa ya àwòrán tí ó wà nínú ìwé rẹ̀. Ọmọ náà kò purọ́; ó wò, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ bi í ni, "Kí lo rí? Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni?" kí ó sì mú un wo ojúlówó àti èyí tí ó jọ ọ́, léraléra, títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ èyí yàtọ̀ sí èyí, bí ìyá ti mọ Táyéwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ọjọ́ kan kò tó fún ìyá náà láti mọ̀ ọ́n. Kí á má ṣe retí pé ìṣẹ́jú kan yóò tó fún akẹ́kọ̀ọ́.